Àgọ́ Tí Kò Ní Òkú

Mọ́ńdè, 3 Júláì

Òjò láti àná. Omi ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A gbé Litha ọmọ wa sórí tábìlì, ó ń pàtẹ́wọ́, ó rò pé eré là ń ṣe. Mzukisi ọkọ mi gun òkè ilé, ó fi táyà méjì tẹ páànù mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ. Kẹrosíìnì tún ti gbówó lórí ní ṣọ́ọ̀bù ará Sòmálíà. Mo ní kí ló dé, ó ní, "Àǹtí, ṣé èmi ni mò ń wà á nílẹ̀ ni?" Mo ra ìlàjì ìgò.

Àwọn onífíìmù wá sí àdúgbò wa. Obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Lizette ni ọ̀gá wọn, bàtà òjò rẹ̀ pupa bí ata. Ó ní fíìmù nípa ọmọkùnrin olè kan tó ronú pìwà dà làwọn fẹ́ ṣe, àdúgbò táwọn á ti yà á làwọn ń wá. Nomvuzo tó ń fi fúláwà dín gwinya tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wa dá a lóhùn pé, "Olè ò wọ́n níbí o, ọ̀gá. Èyí tó ronú pìwà dà lẹ máa fẹsẹ̀ ara yín wá." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo wo Mzukisi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Wẹ́sìdeé, 5 Júláì

Wọ́n ti gba Mzukisi síṣẹ́! Òun lá máa ṣọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrù wọn nínú ọgbà ilé ìwé àtijọ́. Wọ́n fún un ní jákẹ́ẹ̀tì àti kọ́kọ́rọ́ géètì ẹ̀yìn, ó fi okùn gbé e kọ́ ọrùn. Láti ọdún méjì tó ti jáde lẹ́wọ̀n, ọkọ̀ fífọ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó ṣe, ìyẹn náà tí ẹlòmíì ò bá sí.

Ó ní Lizette bi òun bóyá òun ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Òun ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí lo ṣe. Òun ní, "Mo pa èèyàn." Ó ní obìnrin náà kàn ní, "Wá lọ́la."

Bó ṣe sọ ọ́ fún èmi náà nìyẹn, lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró.

Sátidé, 8 Júláì

Mo rí MamBhele nídìí ẹ̀rọ omi. Kì í wò mí. Litha tó wà lẹ́yìn mi ló máa ń wò, á wò ó títí, á wá gbé garawa rẹ̀ lọ.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, Ayabonga, ni Mzukisi gún lọ́bẹ nítorí fóònù, lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, èmi ṣì wà nílùú wa ní Cofimvaba, ọmọdé ni mí. Nígbà tí Mzukisi jáde lẹ́wọ̀n, òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ lọ dúró síwájú géètì MamBhele. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń tọrọ àforíjì kì í kan géètì, kì í sì í wọlé. Á dúró síta, á máa fi oríkì ìdílé ki onílé títí wọ́n á fi pè é. Wọ́n dúró, ilẹ̀ ṣú. Wọ́n tún padà lọ, wọ́n tún lọ. Kò pè wọ́n. Kò lé wọn náà.

Mo bi Nomvuzo bóyá MamBhele le ni. Ó ní, "Boni, ìwọ ò sí níbí. Nígbà tí wọ́n pa ọmọ yẹn, wọ́n pàgọ́ ìsìnkú sílé ẹ̀. O mọ̀ pé bí àgọ́ bá ti dúró, èèyàn kì í béèrè, ọ̀bẹ lèèyàn ń mú, a ó lọ bá wọn bó ọ̀dùnkún oúnjẹ òkú. Kò sẹ́ni tó lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Mthetho, ẹni tí Mzukisi ń bá jalè nígbà yẹn, ló dúró sí ìkóríta, wọ́n ń ka ẹni tó bá kọjá. Òun nìkan ló bó ọ̀dùnkún òkú ọmọ ẹ̀. Òun nìkan ló dáná ẹ̀."

Mo ní, "Ìwọ náà ò lọ?"

Ó yí gwinya inú epo.

Túsìdeé, 11 Júláì

Àwọn onífíìmù fi ẹrẹ̀ kun ilé mi! Ilé tí mo fọwọ́ ara mi kùn ní àwọ̀ ọsàn ní Disẹ́ńbà! Ọmọ kan wá pẹ̀lú garawa àti búrọ́ọ̀ṣì, ó ní ilé náà ti mọ́ jù, kò jọ ilé òtòṣì. Mo ní, "Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé òtòṣì kì í gbálẹ̀ ni?" Ó ní ọ̀gá ló rán òun. Wọ́n ní àwọn á fọ̀ ọ́ tí wọ́n bá ṣe tán. A máa rí i.

Àgbàlá wa ni wọ́n fẹ́ lò fún ìsìnkú inú fíìmù náà. Wọ́n máa sanwó. Mi ò fẹ́ ẹ. Mzukisi ti gbà.

Wẹ́sìdeé, 12 Júláì

Ọmọkùnrin tó ń ṣe olè nínú fíìmù wá bá Mzukisi níbi tó ti ń mu tíì. Ó mọ́ tónítóní, eyín rẹ̀ funfun bí wàrà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ fi bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú hàn mí." Ó na ọ̀bẹ onírọ́bà sí i.

Mzukisi gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Mò ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Mi ò rántí bí mo ṣe dì í mú. Bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo rántí."

Ọmọ náà ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe ọmọ burúkú.

Sátidé, 15 Júláì

Mo mọ̀ pé ó máa wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn kọ́ ọ lọ́rùn ni mo ti ń wo ojú ọ̀nà.

Mò ń sá aṣọ nígbà tí ọkọ̀ dúró. Mo mọ ohùn rẹ̀ kí n tó rí i. Mthetho. Bàtà funfun, nínú ẹrẹ̀ yìí. Ó kí mi dáadáa, ó ní, "Ìyàwó wa, ọmọ ńkọ́? Ó ti ń rìn?" Mo ní ó ń rá. Ó ní, "Ó dára. Ẹni tó ń rá kì í jìnnà sílé." Mo gbé Litha kúrò nílẹ̀.

Òun àti Mzukisi dúró lẹ́yìn ilé. Páànù kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o ti di ọ̀gá géètì."

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ni."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Tọ́sìdeé ni wọ́n máa kẹ́rù. Kámẹ́rà, jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀. Ìwọ kàn jẹ́ kí àgádágodo géètì ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní kí o gbé nǹkan kan. Mi ò ní kí o wò."

Mthetho rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ta ló bọ́ ìyá ẹ nígbà tó o wà lẹ́wọ̀n? Ta ló ra pósí rẹ̀? Ṣé àwọn onífíìmù ni?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ò pe orúkọ yín ní kóòtù."

"A ti jọ mọ ara wa nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ pàgọ́ sí àgbàlá ẹ. Ṣọ́ra o. Àgọ́ kì í fẹ́ dúró lásán."

Ó fún Litha ní súìtì bó ṣe ń lọ. Mo jù ú sínú ihò ṣáláńgá.

Sọ́ńdè, 16 Júláì

Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rù ń bà mí láti jáde.

Mọ́ńdè, 17 Júláì

Mo sọ ọ́ jáde. Litha ń sùn. Mo ní, "Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o gbọ́. Mo rí ẹsẹ̀ ẹ lábẹ́ aṣọ."

"Kí lo máa ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Tí mo bá ṣí i, mo padà sẹ́wọ̀n. Tí mi ò bá ṣí i, wọ́n á pa mí."

"Ìyẹn méjì. Ìkẹta ńkọ́?"

"Ìkẹta wo, Boni?"

Mo sọ ohun tí mo mọ̀. Mo ní, "Gbọ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí látìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ẹ̀rù bàbá mi, ẹ̀rù òjò, ẹ̀rù ọkọ̀ tó bá dúró. Mo ti mọ bí èèyàn ṣe ń fi ẹ̀rù dáná oúnjẹ. Tí wọ́n bá ń dọdẹ ẹ, màá wà pẹ̀lú ẹ. Tí o bá ṣí àgádágodo yẹn, èmi àti ọmọ ń lọ sí Cofimvaba, o ò sì ní mọ ohùn rẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀."

Ó wo ọmọ. Ó jáde lọ síṣẹ́.

Túsìdeé, 18 Júláì

Mo di báàgì. Mo béèrè owó ọkọ̀ ní gáréèjì, ó ti lọ sókè, mo ní in ṣùgbọ́n kò ní ṣẹ́ kù. Báàgì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mzukisi rí i. Ó fi bíríkì gbé e sókè kí omi má bàa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Wẹ́sìdeé, 19 Júláì

Wọ́n pàgọ́ náà lọ́sàn-án. Àgọ́ funfun ńlá, ó bo gbogbo àgbàlá, ó na apá bọ́ sójú títì. Wọ́n tún gbé ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá, àti àpò ọ̀dùnkún, àti kábéèjì, àti elégédé, kó lè jọ òótọ́ lójú kámẹ́rà. Wọ́n gbé pósí òfìfo wọ inú rẹ̀. Nomvuzo kó epo àti gwinya rẹ̀, ó lọ sí òdìkejì. Ó ní pósí tó ṣí ẹnu sílẹ̀, oúnjẹ ló ń wá.

Mo bi Lizette bóyá wọ́n ti sọ fún àwọn ará Sẹ́kíṣọ̀n B lẹ́yìn gáréèjì pé fíìmù ni. Ó ní wọ́n ti lẹ bébà mọ́ òpó iná. Mo lọ wò ó. Òjò ti fọ̀ ọ́.

Mzukisi ò jẹun. Ọ̀la ni.

Fúráìdeé, 21 Júláì

Mi ò lè kọ̀wé lánàá. Ti àná ni mò ń kọ.

Mo jí, Mzukisi ò sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò sí lára ìṣó. Mo rò ó pé ó ti lọ bá Mthetho nìyẹn, ó ti gbà fún un. Mo fa báàgì jáde. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lágbàlá. Mo ṣílẹ̀kùn.

Àwọn obìnrin ni. Wọ́n pọ̀. Ṣáàlì ní èjìká, abọ́ lórí, ọ̀bẹ nínú abọ́. Wọn ò kí mi ẹ káàárọ̀. Àgbàlagbà tó ṣíwájú, tí mi ò mọ̀ rí, gbá mi mọ́ra, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Má sọ̀rọ̀." Méjì nínú wọn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ti tábìlì mọ́ ògiri, wọ́n fi aṣọ bo dígí, wọ́n gbé mátíráàsì sílẹ̀, wọ́n ní kí n wá jókòó.

Mo mọ ẹni tí wọ́n ń gbé ka mátíráàsì nílẹ̀. Opó ni.

Mo pariwo, "Ta ló kú? Ẹ sọ fún mi! Ta ló kú?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Kò tíì yé e." Òmíràn ní, "Ẹ jẹ́ kó sunkún." Àgbàlagbà yẹn ní, "Ọmọ mi, àgọ́ ti wà nílé rẹ láti àná. Wọ́n ní Mthetho ti pa ọkọ ẹ."

Mo mọ̀ pé àgọ́ fíìmù ni. Ojú mi ni wọ́n ṣe pa á. Síbẹ̀ mo jókòó sórí mátíráàsì yẹn. Torí mi ò mọ ibi tó wà. Bóyá ohun tí wọ́n mọ̀ ni èmi ò mọ̀.

Nomvuzo ló sáré wọlé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún fúláwà. "Ẹ̀yin ará Sẹ́kíṣọ̀n B, ẹ gbé mátíráàsì yẹn sókè! Fíìmù ni! Kò sí òkú kankan, òfìfo ni pósí yẹn!" Ilé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn gbà á, wọ́n ń di ikùn mú. "Yéè! Mo ti sunkún láti gáréèjì wá!" "Èmi ti gba àyè níbi iṣẹ́, mo ní ẹbí mi kú!"

Èmi bá jáde. Mo fẹ́ wá a.

MamBhele ló jókòó lábẹ́ àgọ́, lórí àpótí bíà, àpò ọ̀dùnkún lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti dé ṣáájú gbogbo wọn. Èèpo ti pọ̀ nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọ̀bẹ rẹ̀ ní wáyà pupa lára èèkù.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá. Kò kú."

Ọ̀bẹ dúró. Èèpo ṣì so mọ́ ọ̀dùnkún.

"Kò kú?"

"Fíìmù ni, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Nígbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ló ń wò. Ó ní, "Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé ọkọ ẹ kú, mo jókòó. Mò ń dúró kí inú mi dùn. Mo dúró, mo dúró. Kò dùn. Mo bá mú ọ̀bẹ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o lọ. "Mo ti dé ibí ná. Ọ̀bẹ tó bá wá síbi àgọ́ kì í padà sílé ní gbígbẹ. Ìdílé wo ni ẹ́?"

"Rhadebe ni, Ìyá."

"MaRhadebe, fún ẹnì kan ní ọmọ yẹn. Wá bó tìẹ."

Àwọn yòókù tó ti fẹ́ máa lọ sí ilé rí i pé àgbà jókòó, àwọn náà jókòó. Lizette sáré dé, ó ní ọ̀dùnkún kámẹ́rà ni, ẹ má bó o. Nomvuzo ní, "Ọ̀gá, ọ̀dùnkún ò mọ kámẹ́rà." Ohun tí wọ́n bá ti bó lábẹ́ àgọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé e lọ sílé. Wọ́n dáná. Lizette wo gbogbo wa, ó jókòó sórí bókẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan fún un ní ọ̀bẹ. Kò mọ̀ ọ́n bó. Ìdajì ọ̀dùnkún ló ń bá èèpo lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Mzukisi dé. Eré ló ń sá, omi ń ṣàn lára rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà: géètì MamBhele ló lọ dúró sí láti ìdájí. Ó ní bí wọ́n bá máa pa òun lálẹ́, òun fẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ òun ti wà níwájú rẹ̀. Ó ń ki oríkì fún ilé òfìfo títí ẹni ilé kejì fi yọjú, ó ní, "O ń da ara ẹ láàmú. Ó ti mú ọ̀bẹ lọ sílé ẹ."

Ó dé géètì wa, ó rí MamBhele, ó dúró. Kò lè wọlé. Géètì tiẹ̀ ni o, ilé tiẹ̀, àmọ́ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ló jókòó sínú. Ẹnì kan nínú àwọn onífíìmù gbé kámẹ́rà sókè. Nomvuzo ní, "Ọ̀gá, sọ fún un kó gbé nǹkan yẹn sílẹ̀." Lizette gbé ọwọ́ sókè, onítọ̀hún gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

MamBhele ò gbójú sókè. Ó ń bó kárọ́ọ̀tì. Òjò ń pa Mzukisi, kò kúrò. Oúnjẹ jinná, àwọn onífíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í kó wáyà wọn jọ, ó ṣì dúró.

Ọkọ̀ Mthetho wá dé.

Kò sọ̀ kalẹ̀, ó sọ gíláàsì sílẹ̀. "Àbúrò mi. Mò ń dúró dè ẹ́ níbẹ̀, ìwọ wá dúró síbí bí òpó iná. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Mzukisi ò gbójú kúrò lára MamBhele.

"Àbí o ti di òṣèré?"

Mo rí ọwọ́ Mzukisi tó gòkè lọ sí ọrùn rẹ̀, níbi okùn. Mo mú ọ̀bẹ mi dání, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ìgbà náà ni MamBhele gbé ohùn sókè, láìgbé ojú sókè.

"Zizi! Jama ka Sijadu! Iná ń kú níbí. Wọlé wá la igi."

Oríkì ìdílé Mzukisi ló fi pè é. Ojú Mzukisi dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé.

Mthetho ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. "Ìyá, èmi àti àbúrò mi ní ọ̀rọ̀ díẹ̀."

"Ọkùnrin tó bá wá síbi àgọ́, igi ló ń gbé wá, tàbí ṣọ́bìrì. Ìwọ, kí lo gbé wá?"

"Ikùn ló gbé wá!" Nomvuzo ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Mthetho wò wá, láti ìkangun dé ìkangun. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀ ń da ara yín láàmú. Àgọ́ yìí ò ní òkú."

MamBhele gbójú sókè. "Mo mọ̀. Mo ti jókòó sábẹ́ èyí tó ní òkú. Èmi nìkan. Wọ́n ní ìwọ ló rán àwọn ọmọ ẹ sí ìkóríta kí wọ́n máa kà wá. Ó dáa, kà wá lónìí."

Ọkọ̀ náà dúró síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn. Lẹ́yìn náà ó yí padà.

Mzukisi bọ́ okùn lọ́rùn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún Lizette. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n kó ọkọ̀ wá síbí, kí wọ́n di ẹrù lójú àwọn obìnrin. Kí wọ́n má dì í lọ́hùn-ún." Lizette wò ó, ó wo ojú ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ sínú rédíò ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ dé. Mzukisi la igi títí igi fi tán.

MamBhele ò wò ó. Nígbà tí wọ́n bu oúnjẹ, ó tọ́ka abọ́ kan fún mi, ó ní, "Fún ẹni tó ń la igi." Mzukisi jẹ ẹ́ ní ìdúró, omi ojú rẹ̀ ń bọ́ sínú abọ́.

Sátidé, 22 Júláì

Wọ́n tú àgọ́ náà. Àwọn onífíìmù ti lọ. Wọn ò fọ ilé mi. Iṣẹ́ Mzukisi ti parí, àmọ́ Lizette kọ nọ́ńbà ẹnì kan tó ń kó páálí àti igi fún àwọn onífíìmù fún un, ó ní kó pè é.

Mo bi Mzukisi bóyá ó máa sọ fún ọlọ́pàá pé Mthetho wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ayabonga kú. Ó ní, "Màá sọ. Àmọ́ ọlọ́pàá kọ́ ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ìyá ẹ̀ ni."

Mọ́ńdè, 24 Júláì

Òkúta balẹ̀ sórí páànù wa bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ńlá kan, lẹ́yìn náà méjì. Litha figbe ta. Mo ti wà lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ fèrè. Nomvuzo ló ń fọn. Ilé kejì fọn. Ó gba ojú títì lọ, ó rékọjá gáréèjì, Sẹ́kíṣọ̀n B gbé e, fèrè, fèrè, fèrè, ajá ń gbó. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọkùnrin tó ń sá lọ.

Mo ra fèrè lónìí. Aláwọ̀ ewé. Mo so ó mọ́ ọrùn.

Wẹ́sìdeé, 26 Júláì

Òjò ńlá. Ó fọ gbogbo ẹrẹ̀ tó wà lára ilé mi. Àwọ̀ ọsàn mi jáde bíi tuntun.

Mo tú báàgì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ Litha kan nínú rẹ̀ ti kéré fún un.

Fúráìdeé, 28 Júláì

Mò ń fọ abọ́ ńlá tí a lò lábẹ́ àgọ́, mo rí ọ̀bẹ kan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wáyà pupa lára èèkù. Mo fi han Nomvuzo, mo ní MamBhele gbàgbé ọ̀bẹ rẹ̀. Ó wò ó, ó wò mí. "MamBhele? Kì í gbàgbé nǹkan, ọmọ yìí."

Mo fi han Mzukisi. Ó jókòó.

Sọ́ńdè, 30 Júláì

A lọ. Òjò ti dá, otútù pọ̀. Mo pọn Litha, mo fi aṣọ mímọ́ wé ọ̀bẹ náà, èmi ni mo mú un lọ́wọ́. Mzukisi ru igi, ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní òun ò lè wá, ẹsẹ̀ ń dun òun, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti dúró ni. Ọmọ Mthetho méjì wà ní ìkóríta. Mo fi ọwọ́ kan fèrè mi. A kọjá. Ẹ̀rù bà mí, a sì kọjá.

A dúró síwájú géètì. Mzukisi gbé igi sílẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìdílé MamBhele. "Bhele! Qunta! Khuboni!" Èéfín ń jáde lára páìpù ilé náà. Ó tún ki oríkì náà. Litha gbọ́ ariwo bàbá rẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́yìn mi, "Bè! Bè!"

A gbọ́ ìró àga nínú ilé.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá. Ọ̀bẹ yín ni mo mú wá."

"Ìwọ nìkan?"

Mo wo Mzukisi. Ó ti di ojú rẹ̀.

"Rárá, Ìyá. Kì í ṣe èmi nìkan."

Mo rò pé á sọ pé kí n fi ọ̀bẹ sórí òpó kí n máa lọ. Mo ti pinnu pé mi ò ní fi í síbẹ̀. Màá tún padà wá lọ́la. Màá máa padà wá títí Litha á fi lè gbé e fúnra rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ wá láti inú, ó jọ ti ẹni tó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"MaRhadebe, sọ fún Zizi kó gbé géètì yẹn sókè díẹ̀ kó tó ṣí i. Ó máa ń wọ́lẹ̀."